Nọ́ńbà Mẹ́fà fún Màmá Akínbọ́lá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún, oṣù Karùn-ún

Èmi, Ọ̀mọ̀wé Ẹnjiníà Fọláṣadé Ayọ̀rìndé, ẹni tí kọ̀ǹpútà ń gbọ̀n bó bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀, ẹni tó gboyè kan ní Ìbàdàn, tó gba èkejì lókè òkun, tí ẹ̀kẹta ṣì wà lójú ọ̀nà, ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrántí yìí lónìí fún àǹfààní àwọn ìran tó ń bọ̀. Mo jókòó sí ọ́fíìsì mi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́ta. Mo ń mu tíì. Mo ti bá òyìnbó méjì sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì bá ọ̀kan nínú wọn wí.

Lára iṣẹ́ ńlá tó wà níwájú mi ni ti ọ́fíìsì kọnfamáṣọ̀n tó wà ní Adébáyọ̀, ní Adó. Èmi ni mo to ìwé orúkọ àwọn ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ gbọ́wọ́ lé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣù Kẹta, kí gbogbo ìjọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lè jọ máa ṣí i: Adó, Ìyìn, Ijan àti àwọn yòókù, ìjọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Akọ̀wé wọn, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Akínbọ́lá, ń ké pé bí òun bá ti fẹ́ ṣí ìwé kan, kọ̀ǹpútà á ní kí òun tún wọlé. Á tẹ páásìwọ́ọ̀dù. Á ṣí ìwé kejì, kọ̀ǹpútà á tún béèrè, bí ẹni tí kò rí i rí. Lọ́pọ̀ ìgbà, páásìwọ́ọ̀dù nìkan kì í tó o. Nọ́ńbà mẹ́fà á lọ sórí fóònù Sísítà Jùmọ̀kẹ́, ọ̀gá rẹ̀, Màmá á sì ní láti pe Sísítà kó kà á fún òun. Lónìí nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló pè é. Ìsìnkú ni Sísítà wà ní Ìyìn.

Màmá ti wá ń béèrè nọ́ńbà Ẹnjiníà káàkiri. Wọ́n ti fún un. Lọ́la ni yóò pè mí.

Ẹnjiníà ì bá kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n àǹtí rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì pé bí kò bá dìde gbá ṣọ́ọ̀bù yìí kí òjò tó dé, ìgbálẹ̀ lòun máa fi là á lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Fèrèsé Màmá Akínbọ́lá àti fèrèsé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa kọjú síra. Àlàfo àárín wọn kò gba ewúrẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo fa kọ́tìnnì, mo jókòó sórí páálí bébà, mo fi síìmù mi kejì, èyí tí mo fún Màmá pé ti Ẹnjiníà ni, sínú fóònù. Nígbà tí Ẹnjiníà gidi wá lóṣù Kẹta, tí wọ́n mú iná, ṣọ́ọ̀bù wa ló ti jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kó gbogbo ohùn rẹ̀ mì. Kì í sọ gbólóhùn kan kó má fi “àbí kò yé yín?” dì í nídìí.

“Ẹ káàárọ̀ mà, Ẹnjiníà. Akọ̀wé ni, láti Adó.”

“Ẹ̀yin lẹ̀ ń da kọ̀ǹpútà mi láàmú, àbí kò yé yín?”

“Ó yé mi, mà. Mi ò dà á láàmú, mà. Mo kàn ń ṣí i ni.”

“Báwo lẹ ṣe ń ṣí i? Ìjókòó ni àbí ìdúró?”

“Ìjókòó ni, mà.”

“Ẹ̀hẹ́n! Ẹ wò ó! Ṣé ẹ máa ń jókòó kí àlejò pàtàkì nílé yín ni?”

“Rárá, mà. Ẹ máà bínú, mà.”

Orí ìdúró ló ti ń tẹ̀ ẹ́ láti aago mẹ́sàn-án. Ní aago méjì, ó ti fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara lé tábìlì bí ẹni tó ń wo kànga. Mo gé ètè jẹ kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má pe Ẹnjiníà ní ìkà. Lóṣù tó kọjá, Àǹtí Bọ́sẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù, bá mi bẹ Màmá pé kó jẹ́ kí n máa bá a tẹ orúkọ, nítorí mo mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ó wò mí láti ìrun dé bàtà. Ó ní ọwọ́ ẹni tí kò parí ìwé kò gbọdọ̀ kan orúkọ àwọn ọmọ Ọlọ́run. Níwájú àwọn oníbàárà ló ti sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Mo ti mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà náà.

Àǹtí rán mi ní fọ́tókọ́pì lọ síbẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn Màmá bí ẹni ń ka bébà. Ó tẹ páásìwọ́ọ̀dù, ó wọlé, àpótí kékeré kan sì yọ síta. Ohun tí àpótí náà ń béèrè ni pé ṣé kí òun rántí ẹ, kí òun má tún bi ọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wà lápá kan, rárá wà lápá kejì. Màmá tẹ rárá wàrà bí ẹni tó ń lé adìẹ kúrò lórí àgbàdo.

“Màmá, kí ni wọ́n bi yín yẹn?”

“Wọ́n ní ṣé kí àwọn máa rántí mi.”

“Ẹ wá ní kí ni?”

“Mo ní rárá! Ta ni wọ́n? Ìyá mi ní Ijan kọ́ wa pé bí ohùn kan bá bi ọ́ ní nǹkan tí o kò rí ojú ẹni tó ni ín, rárá ni kí o wí. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ti bá a lọ. Gbé bébà yẹn sílẹ̀, kí o máa lọ sídìí uṣẹ́ rẹ.”

Ìwé mẹ́sàn-án, rárá mẹ́sàn-án, lójoojúmọ́, láti oṣù Kẹta. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ níta, tó wá ń kan ilẹ̀kùn.

Ìka kan péré ni oògùn rẹ̀. Mo gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò látàárọ̀. Kò síná. Lítà epo bẹntiróòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún náírà, Àǹtí ní òun kò ní í tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹni tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé kan. Ẹnjiníà sùn.

Mọ́ńdè 12

Sísítà bú Màmá lórí fóònù, fóònù náà sì ń pariwo débi pé gbogbo wa gbọ́. Ó ní òun kì í ṣe agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni lè máa fà nígbàkígbà. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù wa, kò sọ nǹkan kan, ó ń fi etí aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀ ṣáá.

Ní aago méjìlá, Sísítà tún pè é. Orí nọ́ńbà mìíràn ló ti pè é, síìmù tí Àǹtí rò pé ó ti sọnù látọdún tó kọjá.

Sísítà rọrùn. O máa kọ́kọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O máa wá gba imú sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí omi gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá Akínbọ́lá. Inú ló ń bí mi láàárọ̀.”

“Háà, Sísítà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

“Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ máa pè fún kóòdù láti òní lọ. Èyí tẹ́lẹ̀ wà fún Bíṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá sì wá sí ọ́fíìsì, ẹ má dárúkọ kóòdù létí mi. Ó ti sú mi.”

“Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Olúwa yóò fún yín lókun, Sísítà.”

Ẹ rí i bó ṣe ń súre fún mi.

Túsìdè 13

Ó pè ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kà á fún un: ẹ̀ta, òdo, ẹ̀je, ẹ̀je, ení, ẹ̀sán. Kò ṣí. Mo ní bóyá ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́. Mo ka mẹ́fà mìíràn. Kò ṣí. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, kọ̀ǹpútà ní òun ti tì í pa, ó di ọ̀la.

“Sísítà, ó ní ó di ọ̀la o.”

Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Màmá, ewúrẹ́ tó wà ní kọ́ńfẹ́ǹtì wa mọ nọ́ńbà jù yín lọ.”

Mo yọjú wò ó. Ó di fóònù mú létí fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí mo ti gé e.

Igba orúkọ ó lé mẹ́rìnlá ló gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Méjì ló wọlé lónìí, láàárọ̀ kùtù, nígbà tí páásìwọ́ọ̀dù nìkan ṣì tó o.

Tọ́sìdè 15

Ẹnjiníà ní ìmọ̀ tuntun. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Adébáyọ̀ ti di etí, nítorí ariwo ọkọ̀ tó wà ní oríta. Ó ní kó lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí títì, kó ka páásìwọ́ọ̀dù sókè, lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gbọ́.

“Kí n pariwo rẹ̀ síta, mà? Àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀.”

“Ẹ óò pariwo rẹ̀ tàbí ẹ óò máa bá a bẹ́ẹ̀ lọ, àbí kò yé yín?”

Ó lọ. Ó di irin fèrèsé mú. “T! I! M! I!” Àwọn ọlọ́kadà yíjú. Ní ìgbà kejì, wọ́n ti bá a gbè é bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọlé. “L!” “L!” “E!” “E!” Ọ̀kan gun orí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń dá orin fún àwọn tó kù. Mo yípo lórí páálí bébà, ẹ̀rín ń pa mí, ojú ń ṣomi. Ní ìgbà kẹta, nígbà tó dé Y, ohùn rẹ̀ já bí okùn aṣọ. Ó ṣì ka ìyókù. Ó ka nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ pẹ̀lú: ení, ẹ̀sán, ẹ̀sán, ẹ̀rin.

Àfìgbà tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ jáde pẹ̀lú igi ìdáná. “Ẹ ò ní í wáyé ire! Ẹ̀yin ọmọ àlè! Ṣé ìyá tiyín kò sí nílé ni?” Wọ́n fọ́n ká. Ó wọlé lọ bá Màmá, ó fà á kúrò lójú fèrèsé, ó gbé e jókòó.

Nígbà tó padà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè pé kí ló fà á.

“Ṣé o mọ Tìmílẹ́yìn?”

“Rárá.”

“Ọmọ rẹ̀ ni. Ọ̀kan ṣoṣo. Ọdún tó fẹ́ wọ yunifásítì ni ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà Ijan. Orúkọ rẹ̀ ló fi ṣe páásìwọ́ọ̀dù ìwé yẹn. Èwo ni kó máa pariwo rẹ̀ fún ọlọ́kadà? Irú ẹnjiníà wo nìyẹn?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Mo sọ fún ara mi pé mo máa jáwọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó ti kànga. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mo ń gbìyànjú ohùn rẹ̀ yẹn, bó ṣe já níbi Y. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kó tó bọ́ sójú ẹ̀.

Fúráìdè 23

Sísítà gidi wá. Ohun kan wà tí n kò rò. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá tẹ páásìwọ́ọ̀dù, nọ́ńbà mẹ́fà gidi ń lọ sórí fóònù Sísítà gidi, tó wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìyìn tàbí Ijan, tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é láti béèrè.

“Màmá Akínbọ́lá, nọ́ńbà ń rọ́ wọ fóònù mi bí eṣú. Ẹ ò pè mí. Ṣé ẹ̀ ń méfò rẹ̀ ni?”

Mo yẹ kọ́tìnnì díẹ̀. Màmá ya ẹnu. Mo rí i tó rántí pé wọ́n ní kó má dárúkọ kóòdù. Ó pa ẹnu dé.

“Mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀, mà.”

“Mo gbọ́, Sísítà. Ẹ máà bínú.”

“Ìbínú kọ́. Fúráìdè ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé yìí ń lọ sọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Bíṣọ́ọ̀bù kì í gbọ́wọ́ lé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ti Ìyìn àti ti Ijan kò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹ ó lọ sinmi nílé. A ó wá ẹni tí ojú rẹ̀ là.”

Lẹ́yìn tó lọ, Màmá gbé ìwé orúkọ tí àwọn katikíìsì, olùkọ́ ìjọ, fi ránṣẹ́ jáde, ó sún un mọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn rẹ̀.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè 26

Ó pe Sísítà. Mo gbé e, mo húkọ́. Kò béèrè kóòdù.

“Sísítà, mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ó ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀wọ́, kó má dé etí Fada. Ojú mi ọ̀tún ti ṣú. Láti ọjọ́ ọdún tuntun ni. Tòsì náà ti ń bá a bọ̀. Bí ẹ bá ń ka nọ́ńbà yẹn fún mi, mo gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kì í rí èyí tí ọwọ́ mi ń tẹ̀. Bóyá ẹ̀yin ń kà á rere, tó jẹ́ èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ gbòdì.”

Mo yẹ kọ́tìnnì, mo wò ó.

“Ẹ bá mi bò ó di ọjọ́ kẹfà. Kí àwọn ọmọ yìí ṣáà ti wọlé. Bí mo bá jókòó nínú ulé látàárọ̀ dalẹ́, Sísítà, kí ni mo fẹ́ máa wò?”

Mo ní, “Mo gbọ́.” Mo gé e.

Mo wá jókòó, mo ń rò ó. Ká ní mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gan-an, n kò ní nọ́ńbà gidi kankan láti fún un. Irọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Àfi kí n dé iwájú kọ̀ǹpútà yẹn fúnra mi.

Wẹ́sìdè 28

Òjò gbé páànù orí òrùlé wa kan lọ. Màmá ti tẹ Ìyìn dé ìdajì. Ó ń dé ní aago méje, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ìgbà tí páásìwọ́ọ̀dù nìkan máa ń tó o nígbà mìíràn.

Mọ́ńdè 2, oṣù Kẹfà

Ìyìn pé! Ó jáde sójú ọ̀nà, ó pe Àǹtí: “Bọ́sẹ̀! Ìyìn ti pé!” Ó jó ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú ẹrẹ̀. Ó ku Ijan, ọmọ mẹ́tàlélógún, ìlú tirẹ̀ gan-an. Kò pè mí rárá lónìí, kò pe Ẹnjiníà, kò pe Sísítà.

Inú bí mi. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Wẹ́sìdè 4

N ó kọ eléyìí bó ṣe rí.

Àǹtí ní kí n gbé rímù bébà kan fún un. Mo bá a tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sínú ìwé Ijan. Páásìwọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n béèrè. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ lọ tọ̀.

“Ìwọ ọmọ tí kò níṣẹ́, dúró ti ẹ̀rọ yìí kí ewúrẹ́ má wọlé. Má fọwọ́ kàn án o! N ó mọ̀.”

Ó fọwọ́ tọ ògiri jáde. Àpótí náà wà lójú kọ̀ǹpútà, kò tíì dá a lóhùn. Ṣé kí n máa rántí ẹ? Bẹ́ẹ̀ ni lápá kan, rárá lápá kejì. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo gbọ́ tó ń kọrin níta. Ìka mi wà lórí bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi bó ṣe wí i níjọ́sí níwájú àwọn oníbàárà, ọwọ́ ẹni tí kò parí ìwé.

Mo tẹ rárá. Mo pa ìwé náà dé lé e lórí. Nígbà tó padà, kọ̀ǹpútà ní kó tún wọlé, ó sì ń béèrè nọ́ńbà mẹ́fà.

Ó pe Sísítà. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní Àǹtí ń pè mí, mo jáde.

Fúráìdè 6

Sísítà dé ní aago mẹ́sàn-án. Ẹnjiníà gidi ló bá a wá, tòun ti báàgì. Ó kúrú ju bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ lọ. Ẹ̀pà ló ń jẹ.

Ọmọ Ijan mẹ́tàlélógún, kò sí ẹyọ kan tó wọlé; láti Wẹ́sìdè ni kọ̀ǹpútà kò ti gba páásìwọ́ọ̀dù nìkan mọ́.

“Ẹ jẹ́ ká wò ó,” Ẹnjiníà wí. Ó jókòó sórí àga Màmá. Ó tẹ páásìwọ́ọ̀dù, Sísítà ka nọ́ńbà fún un, ó wọlé. Àpótí yọ. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ó ṣí ìwé kejì: ó ṣí. Ó ṣí ẹ̀kẹta: ó ṣí. “Ó tán. Ta ló ń tẹ rárá, àbí kò yé yín?”

Sísítà bú sẹ́rìn-ín. “Èyí nìkan? Láti oṣù Kẹta?”

Màmá ní, “Ẹnjiníà, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lórí fóònù?”

“Fóònù wo, mà? N kò bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù rí.”

Ohùn rẹ̀ kò nípọn tó tèmi. Mo gbọ́ ọ, Màmá náà gbọ́ ọ. Ó dúró. Ó yí orí pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ọrùn ń dùn, títí ó fi kọjú sí kọ́tìnnì tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú tí kò rí nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ó rí mi.

“Ta ló wá ń bá yín sọ̀rọ̀?” Sísítà bi í.

Mo ti di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kó má bàa dún.

Màmá ní, “Bóyá mo ṣì í gbọ́ ni. Àgbà ti ń dé.”

Ẹnjiníà tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún kó tó di aago mọ́kànlá. Sísítà ní kí Màmá máa lọ sinmi. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì tún padà sórí fóònù rẹ̀. Màmá kó rósárì rẹ̀, ó kó ife rẹ̀, ó ká tìmùtìmù àga rẹ̀ sábẹ́ apá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ sunkún. Èmi ń to bébà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Sísítà dé ṣọ́ọ̀bù wa. “Bọ́sẹ̀, ọmọ yín yìí mọ kọ̀ǹpútà. Kó wá bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.”

Mọ́ńdè 9

Mo jókòó sórí àga náà. Ó le. Kọ̀ǹpútà kò bi mí ní nǹkan kan látàárọ̀.

Túsìdè 10

Ó wá ní aago mẹ́wàá. Mo fẹ́ dìde.

“Má dìde. Jókòó sórí àga rẹ.”

“Màmá...”

“Ohùn obìnrin ẹlẹ́pà yẹn kéré sí tìrẹ. Ìgbà tó yanu ni mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Sísítà?”

“Kí n sọ pé kí ni? Pé mo fi ìdúró ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan? Pé mo pariwo orúkọ ọmọ mi fún ọlọ́kadà, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní kí n ṣe é? Ó sàn kí wọ́n ní ojú mi ti fọ́. Ìyẹn tiẹ̀ jẹ́ òótọ́.”

Ó sún mọ́ tábìlì, ó fọwọ́ wá etí rẹ̀, ó dì í mú.

“Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò lórí àga yẹn. O rí bí Sísítà ṣe lé mi. Ṣé ó dúpẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Ìwọ ṣe é.”

“Kí n ṣe kí ni, mà?”

“Ṣe Sísítà. Kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìwọ lo bá mi sọ̀rọ̀ jù ú lọ, kó o parí ẹ̀.”

Mo ní n kò lè ṣe é. Ó ní, “O lè ṣe é. O ti ṣe èyí tó burú jù ú.” Ó pa ojú dé.

Mo húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Màmá Akínbọ́lá. Ẹ ṣeun. Ọdún mọ́kàndínlógún. Orúkọ kankan kò sọnù lọ́wọ́ yín.” Ó jáde geere, imú, omi gbígbóná, gbogbo rẹ̀. N kò ṣe é dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Kò tọ́pẹ́, Sísítà,” ó wí. Ó la ojú, ó wò mí bí ẹni wo rédíò tí wọ́n ti pa, ó fọwọ́ tọ ògiri jáde.

Sísítà, orí tábìlì yín ni mo ń gbé ìwé yìí sí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Mo ti fi síìmù méjèèjì sínú rẹ̀. Ẹnjiníà kankan kò kọ ọ̀rọ̀ kan níbí. Èmi Ìdùnnúolúwa ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Bọ́sẹ̀, tí kò parí ìwé, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Èmi ni mo bú Màmá ní ewúrẹ́ lórúkọ yín. Èmi ni mo tẹ rárá lọ́jọ́ kẹrin. Àga náà ṣófo.

Bí ẹ bá fẹ́ kó padà, ẹ má fi fóònù pè é. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá pè é, yóò rò pé èmi ni.